Súwíìṣì Pupa Tó Wà Lẹ́yìn Kọ̀ǹpútà Bàbá Mi

Ohun kan ṣoṣo tí bàbá mi mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ni ohun tó lè pa á. Mo ti dàgbà tó báyìí láti sọ ọ́ láìbẹ̀rù pàṣán, òun náà sì ti sùn nínú Olúwa, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìpínlẹ̀ tirẹ̀ ni, gbogbo àgbàlagbà tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ ló sì ń retí pé wọ́n máa pe òun sí Adó wá jẹ ọ̀gá. Tíṣà ń retí, akọ̀wé ń retí, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì tí etí rẹ̀ kò gbọ́ran mọ́ náà ń retí. Bí mọ́tò ìjọba bá gba iwájú ilé wa kọjá, tó sì rọra nítorí kòtò, bàbá mi á dìde lórí àga, á tún agbádá rẹ̀ ṣe. Kòtò pọ̀ lójú ọ̀nà wa, nítorí náà ó máa ń dìde dáadáa.

Ilé wa kì í dákẹ́. Láàárọ̀, Yeye, ìyá tó bí bàbá mi, á kọ́kọ́ wúkọ́ ní yàrá rẹ̀, ikọ́ tí kì í ṣe ti àìsàn, tó kàn fi ń sọ fún wa pé òun ti jí, kí ẹnì kan wá dá iná. Lẹ́yìn náà ni ìgbálẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ró ṣàà ṣàà lójúde. Èmi ni mo ni ìgbálẹ̀ náà, mo sì kórìíra rẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, odó iyán á gbà á, tiwa, ti ará iwájú, ti ará ẹ̀yìn, débi pé bí o bá dúró sójú títì, o ò ní mọ ilé tí wọ́n ti ń gún tìrẹ. Ṣùgbọ́n ohùn tó gbé gbogbo rẹ̀ ró ni ti ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi. Abẹ́ fèrèsé pálọ̀ ló wà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá mi á máa fẹsẹ̀ wa á, á máa rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé àti aṣọ ẹgbẹ́ akọrin, á sì máa fi ẹnu tó di abẹ́rẹ́ mú dá wa lóhùn. Fèrèsé yẹn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọjọ́ tí bàbá mi gbé kọ̀ǹpútà dé ló pàdánù rẹ̀.

Àkúrẹ́ ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ìjọba kí wọ́n tó pín wa sọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n pín wa, gbogbo ohun tó dára dúró sí Àkúrẹ́, wọ́n ní kí àwa máa kó èèyàn wa lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ṣẹ́kù síbẹ̀ ló fún un ní kọ̀ǹpútà àlòkù kan tí wọ́n ti pa tì, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ obì. Èmi àti bàbá mi la jọ lọ gbé e. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tan ẹ̀rọ náà fún wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, lẹ́tà funfun sì jáde lójú rẹ̀ tó dúdú. Ó wá yí i padà, ó nàka sí ẹ̀yìn rẹ̀. "Akọ̀wé, wo súwíìṣì pupa yìí dáadáa. Ibi tó wà yìí ni iná tiwa. Bí o bá sún un sí apá kejì, iná Amẹ́ríkà lo ní kó máa retí nìyẹn, iná tiwa sì lágbára jù ú lọ, á fọ́ ẹ̀rọ náà lórí. Má fọwọ́ kàn án láyé rẹ." Bàbá mi ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí ohun tí wọ́n sọ fún bàbá mi rí tí kò ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún fẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn án, bàbá mi ní kó má wulẹ̀ dá ara rẹ̀ láàmú, ilẹ̀ ń ṣú lọ, ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ kò dára.

Kí á tó délé, ó ti di ẹni tó lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ní Àkúrẹ́. Ó sọ ọ́ fún ẹni tó wa ọkọ̀ wa, ó sọ ọ́ fún àwọn tó bá wa sọ ẹrù, ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Ó kù kí ó ríbi gbé e sí. Ìyá mi wo fèrèsé, ó wo bàbá mi. Bàbá mi ní kọ̀ǹpútà kì í gbé ibi òkùnkùn. Ìyá mi ní abẹ́rẹ́ náà kì í gbé ibẹ̀. Yeye tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà dá sí i: "Ẹ má jẹ́ kí àpótí kan lé èèyàn nínú ulé yìí o. Èèyàn ló ń gbé ulé." Bàbá mi wá ṣe ìlérí lójú gbogbo wa. Ó fi orúkọ mi pe ìyá mi, ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, fún ìgbà díẹ̀ ni. Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà yìí bá gbé mi dé Adó, ọjọ́ náà ni fèrèsé ẹ á padà di tìẹ." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lọ sí ọ̀nà àárín yàrá, níbi tí ìyá mi ti ń fi ìka wá ojú abẹ́rẹ́, tí abẹ́rẹ́ sì ń rí ìka rẹ̀ kí ìka tó rí i. Òun fúnra rẹ̀ ló tún fi òwú funfun hun aṣọ tí wọ́n dà bo kọ̀ǹpútà náà, nítorí nílé wa, ohun tí kò bá ní aṣọ lórí kò tíì di ohun iyì.

Ohun iyì a sì máa gba àdúrà. Bí ẹnì kan bá ra ọ̀kadà, wọ́n á gbàdúrà sí i. Bí wọ́n bá ra fíríìjì, wọ́n á gbàdúrà sí i. Ti kọ̀ǹpútà wa, gbogbo àdúgbò ló wá. Ìyá mi se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́, iyán funfun bí òwú, àwọn àlejò jókòó dé ojúde. Alùfáà wa ta omi sí ara tábìlì, ó ní kí ẹ̀rọ náà jẹ́ ìbùkún fún ìdílé yìí àti fún ìpínlẹ̀ wa tuntun, a ṣe àmín, alùfáà sì yíjú sí bàbá mi, ó ní, "Ó yá, Akọ̀wé, ẹ jẹ́ á rí i." Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, mo sì rí i tí òógùn bo iwájú orí bàbá mi. Ó ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó tún un ká dáadáa bíi pé aṣọ ni a wá wò. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún wáyà ẹ̀yìn yẹn ṣe ná." Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, ó padà wá síwájú, ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ náà dún pò, èéfín tú jáde lẹ́yìn rẹ̀, òórùn bí ìwo ewúrẹ́ tó ń jóná gba gbogbo pálọ̀. Àwọn àlejò tú sóde, àwọn kan gbé abọ́ wọn dání.

Bàbá mi ní iná ọba ló pọ̀ jù. Gbogbo èèyàn gbà, nítorí kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ lè kà sí iná ọba lọ́rùn tí ará Ìkẹ́rẹ́ kò ní gbà gbọ́. Wọ́n kí i kú ẹ̀dùn, wọ́n ní Ọlọ́run á dá òmíràn padà. Ó ń mi orí, ó ń káwọ́ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n èmi ń wo ojú rẹ̀. Ojú ọmọ iléèwé tí wọ́n ní kó lọ gé koríko ni, tí òjò wá dé. N kò tíì so ohun tí mo rí pọ̀ mọ́ ohun tí mo gbọ́ ní Àkúrẹ́ nígbà náà. Mo kàn mọ̀ pé bàbá mi jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà, ó sì béèrè fún òkèlè kún un.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe kú ni ògo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n ohun tó lè ṣe, ti bàbá mi kò ní ìwọ̀n. Bí ètò ìsìn ìkórè bá ní àṣìṣe, bàbá mi á ní, "Ká ní kọ̀ǹpútà mi dá ni." Bí owó oṣù bá pẹ́, á ní kọ̀ǹpútà òun ì bá ti bá wọn ṣe é ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ń wá láti Ìlawẹ̀ àti Ìsẹ̀ wá wò ó, bíi pé wọ́n wá kí aláìsàn ọlọ́lá. Bàbá mi á ká aṣọ ìbora náà dé ìdajì, á jẹ́ kí wọ́n wo ojú rẹ̀ tó ṣú, á tún un bò. "Bàbá Kọ̀ǹpútà" ni wọ́n wá ń pè é. Èmi ni mo ń nu eruku rẹ̀ ní gbogbo Sátidé, mo ń fọ aṣọ rẹ̀, mo ń ta á ní sítáàṣì, tí aṣọ ilé ìwé tèmi sì ń dúró de omi. Yeye á jókòó lórí àpótí rẹ̀, á máa wò mí. "Ẹ̀rọ tó ń jẹ tí kò ṣuṣẹ́," á wí bẹ́ẹ̀, "àfi ọkọ tí mo fẹ́." Ọkọ tó fẹ́ yìí ni bàbá bàbá mi o. Inú Yeye máa ń dùn jù tó bá ń bú òkú.

Ìgbà ìkórè ni wàhálà dé. Ọmọ ìlú wa kan, tó ti di dáírẹ́kítọ̀ ní Adó, wá ṣe ìkórè, wọ́n sì mú un wá kí Bàbá Kọ̀ǹpútà. Ó wo ẹ̀rọ náà fún ìgbà pípẹ́. Ó ní ọ́fíìsì àwọn ti ra ọ̀kan báyìí, wọ́n sì ń wá ẹni tó máa jẹ ọ̀gá lórí rẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò dájú. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ tún tiyín ṣe. Ọjọ́ tó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ránṣẹ́ sí mi, kí n wá fi ojú mi rí yín lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo máa ti fọwọ́ sí ìwé yín." Gbogbo ilé yọ̀. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ẹ wo irú pańpẹ́ tó kó sí: bí ẹ̀rọ náà kò bá dá, kò ní dé Adó, bó bá sì dá, wọ́n máa ní kó jókòó síwájú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ pé irú ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀ kò sí ní Nàìjíríà mọ́, pé Amẹ́ríkà gan-an ti dẹ́kun ṣíṣe é.

Ìyá mi kò bá a jiyàn. Ó kàn ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Èkó. Bùrọ̀dá Kọ́lá ń tún tẹlifíṣọ̀n àti rédíò ṣe níbẹ̀, ó sì wọlé dé ní Sátidé kan pẹ̀lú jígí dúdú lójú àti àpò irinṣẹ́ tó ń ró woroworo. Ẹ má rò pé onírẹ̀lẹ̀ ni. Bàbá mi ń fi ohun tí kò mọ̀ yangàn, Bùrọ̀dá Kọ́lá ń fi ohun tó mọ̀ yangàn, ariwo wọn kò sì yàtọ̀ síra. Kí ó tó mu omi, ó ti sọ fún wa pé òun tún tẹlifíṣọ̀n ọ̀gá ológun kan ṣe pẹ̀lú ojú dídì. Bàbá mi ní kò sí ẹni tí kò kọ́ kọ̀ǹpútà tó lè tú u. Ó ní òní Sátidé ni, ó yẹ kí wọ́n sinmi. Ó ní òjò ṣú. Oòrùn ń ràn ganrínganrín lójúde bó ṣe ń sọ ọ́. Ìyá mi ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ náà, ó ní, "Kọ́lá, tú u."

Bùrọ̀dá Kọ́lá yí ẹ̀rọ náà padà, ó sì dúró. Ó bọ́ jígí dúdú rẹ̀. "Ta ló sún èyí?" Súwíìṣì pupa náà ni, ó sì wà ní apá tí wọ́n ní kó má lọ. Bùrọ̀dá Kọ́lá ṣàlàyé fún wa ohun tí mo ti gbọ́ ní Àkúrẹ́, bó ṣe jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ń retí iná kékeré tí iná ńlá wá wọ inú rẹ̀. Ó ní kì í dédé sún, pé ọwọ́ èèyàn ló ń sún un, àti pé èékánná gan-an ni wọ́n fi ń sún un nítorí ó le. Gbogbo wa wo bàbá mi. Bàbá mi wo òrùlé. Ó ní, "Eku ni. Eku pọ̀ nínú ilé yìí." Ìyá mi wò ó dáadáa, ó wá ní, "Eku yẹn mọ ìwé o." Èmi tí mo wà ní Àkúrẹ́, tí mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn tábìlì lọ́jọ́ àdúrà, mo wá so méjèèjì pọ̀. Ojú ń tì mí fún un ju bó ṣe ń ti òun fúnra rẹ̀ lọ, mo sì fẹ́ kí òjò tó ní ó ṣú náà rọ̀ lóòótọ́.

Wọ́n tú u. Inú rẹ̀ kún fún eruku àti ọmọńlé kan tó ti gbẹ. Bùrọ̀dá Kọ́lá fa àpótí irin kan yọ ní igun, èyí tí fáànù kékeré wà lára rẹ̀, ó pè é ní páwápáàkì. Ó ní òun ló ń gba iná wọlé, tó ń bù ú fún àwọn yòókù ní ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ. Bí agbọ́únjẹ bá kú, ebi á pa gbogbo ilé. Yeye ní òun gbọ́ ìyẹn. Nínú àpótí náà, fíùsì ti dúdú bíi gíláàsì àtùpà tí epo rẹ̀ tán. Àwọn nǹkan méjì kan bí agolo kékeré, tí wọ́n ń pè ní kàpásítọ̀, ti wú lórí, ọ̀kan ti ya ẹnu. Bùrọ̀dá Kọ́lá ní kí á sún sẹ́yìn, iná lè ṣì sá pamọ́ sínú wọn, pé irú rẹ̀ gbé ọ̀rẹ́ òun kan ṣubú ní Èkó. Ó fi irin kan ẹsẹ̀ wọn pọ̀, gbogbo wa ti sá dé ẹnu ọ̀nà. Kò sí ohun tó dún. Àwọn nǹkan náà ti kú pátápátá láti ìgbà yìí wá, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kàn fẹ́ kí á sá ni.

Ó yọ fíùsì àti kàpásítọ̀ méjì lára páwápáàkì mìíràn tó gbé wá láti Èkó, àti ohun dúdú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan, ó ń fi irin gbígbóná yọ́ lẹ́ẹ̀dì lé wọn lẹ́sẹ̀, òórùn lẹ́ẹ̀dì sì ń bá òórùn irú tí ìyá mi fi sọ́bẹ̀ jà nínú ilé. Ó sún súwíìṣì pupa padà sáyè rẹ̀. Ó ní òun á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa, kí eku kankan má bàa sún un mọ́. Ìyá mi ní, "Má lẹ̀ ẹ́. Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Nígbà tó kù kí wọ́n dán an wò, a kò rí wáyà tí wọ́n fi ń so ó mọ́ iná. Wáyà tó ti wà lẹ́yìn tábìlì láti oṣù mélòó kan dédé sọnù lọ́jọ́ náà. Bàbá mi ní bóyá eku. Ìyá mi wọ ilé ìdáná, ó yọ wáyà kẹ́tùlù rẹ̀, ó gbé e wá, ó sì wọ ihò ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà wẹ́kú. N kò rí bàbá mi tó kórìíra kẹ́tùlù tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bùrọ̀dá Kọ́lá so gílóòbù kan mọ́ ojú ọ̀nà iná náà. Ó ní bí àìsàn bá ṣẹ́kù, gílóòbù ló máa gbé ìyà rẹ̀ jẹ, á mọ́lẹ̀ rekete; bí ara ẹ̀rọ bá ti dá, gílóòbù á ṣẹ́jú, á padà sùn. Ó tẹ̀ ẹ́. Gílóòbù ṣẹ́jú, ó sùn. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ fùù, lẹ́tà funfun sì jáde lójú ẹ̀rọ, pẹ̀lú ààmì kékeré kan tó ń ṣẹ́jú nísàlẹ̀. A pàtẹ́wọ́. Bàbá mi jókòó wẹ́rẹ́ bí ẹni tí wọ́n wá túfọ̀ fún. Mo bi Bùrọ̀dá Kọ́lá pé kí ni ẹ̀rọ náà ń dúró dè. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbúrò, èmi mọ bí wọ́n ṣe ń jí òkú ni. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Ìyẹn kù sọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n." Ó jẹ iyán, ó wọ jígí rẹ̀, ó sì padà sí Èkó ní ọjọ́ kejì.

Ìyá mi ló fi ẹnu ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí dáírẹ́kítọ̀. Láàárín ìgbà náà, bàbá mi ń ṣẹ́ iyán kù sínú abọ́, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí nílé wa. Yeye ní, "Ẹni tí kò bá jẹ uyán tán, nǹkan kan ń jẹ òun náà." Ìyá mi kàn ń rán aṣọ lọ nínú òkùnkùn ọ̀nà àárín yàrá.

Lọ́jọ́ tí dáírẹ́kítọ̀ dé, àwọn èèyàn tún kún pálọ̀, alùfáà náà wà níbẹ̀. Ìyá mi gbé àpótí kékeré kan lọ sẹ́yìn tábìlì kọ̀ǹpútà, láàárín rẹ̀ àti ògiri, ó jókòó síbẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ ṣẹ́ etí aṣọ. Bí ẹnì kan bá bi í, á ní ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ wà. Bàbá mi tan ẹ̀rọ náà. Lẹ́tà jáde. Dáírẹ́kítọ̀ fa àga mọ́ra. Bàbá mi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Ẹ jẹ́ á gbàdúrà."

Èmi nìkan ni mo la ojú sílẹ̀, mo sì rí i pé gílóòbù òrùlé lòun náà ń wò bó ṣe ń gbàdúrà. Kò sí ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí wọn kì í mú iná lọ ní Ìkẹ́rẹ́, ìgbà tí a bá sì nílò rẹ̀ jù ni wọ́n máa ń mú un. Bàbá mi gbàdúrà fún gómìnà. Ó gbàdúrà fún Ìkẹ́rẹ́, fún Ìsẹ̀, fún Ẹmùrẹ́. Iná ò lọ. Ó kọjá sí Ìlawẹ̀, ó gba Àgbàdo lọ sí Ìlúmọba, ó gbàdúrà fún àgbẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, fún àgàn, fún opó, fún awakọ̀. Iná ń tàn. N kò rí iná ọba tó dúró ṣinṣin bẹ́ẹ̀ láyé mi. Alùfáà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àmín sí àárín ọ̀rọ̀ láti fi bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ìlú tán lẹ́nu rẹ̀, ó ní lórúkọ Jésù, iná ṣì ń wò ó.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún wáyà ẹ̀yìn yẹn ṣe ná." Ó yípo tábìlì. Ìyá mi gbé ojú sókè láti ibi aṣọ tó ń ṣẹ́, kò dìde, kò sún. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, èmi tí mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan ló gbọ́: "Bàbá Bọ́sẹ̀, wáyà dára. Ẹ lọ jókòó."

Ó lọ jókòó. Ó na ìka kan, ó ń wá lẹ́tà kiri lórí pátákó ìtẹ̀wé ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, ó tẹ S, ó wá A, ó rí M. Orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ ni, Samuel. Bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde ni àwọn èèyàn ń kùn háàà. Ó wo bọ́tìnnì tó tóbi jù, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ ní òyìnbó. Mo kà á. Ó ní àṣẹ tí kò dára ni, tàbí orúkọ tí òun kò mọ̀ rí. Bàbá mi náà kà á. Ó wá yíjú sí àwọn èèyàn, ó ní, "Ó ní òun mọ̀ mí. Ó ń kí gbogbo yín káàbọ̀." Ilé hó. Mo wo dáírẹ́kítọ̀, ẹni tó sún mọ́ ẹ̀rọ jù mí lọ, tí jígí ìkàwé wà lójú rẹ̀, tó sì gbọ́ òyìnbó. Ó tẹjú mọ́ ohun tó wà níbẹ̀, ó mi orí gidigidi. Ó ní, "Ó yé mi. Irú èèyàn tí a ń wá gan-an nìyí." Ó wá béèrè bóyá iyán ti délẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, bàbá mi wọ ilé ìdáná, níbi tí ìyá mi ti ń fọ odó, tí mò ń fa omi fún un. Ìyá mi ní, "Bàbá Bọ́sẹ̀, kò tíì pẹ́ jù. Ẹ lọ bá ọ̀rẹ́ yín ní Àkúrẹ́, kí ó kọ́ yín kí ẹ tó wọ ibẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n bí ìmọ̀ rẹ̀ mọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a." Kò fi bú u. Ó ń bẹ̀ ẹ́ ni, mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀. Bàbá mi fi ọwọ́ gbá a dànù. "Kí ni mo fẹ́ kọ́? Ṣé o kò rí i bó ṣe dá mi lóhùn ni?" Mo nífẹ̀ẹ́ bàbá mi lọ́jọ́ náà bí mo ṣe nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́, inú rẹ̀ sì bí mi débi pé mo da omi sílẹ̀.

Òun nìkan kọ́. Mo ti wọ ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìjọba láti ìgbà náà, ní Adó àti ní ibòmíràn, wọ́n á ní kí n padà wá lọ́la, kọ̀ǹpútà kò ṣiṣẹ́. Ojú ọ̀gá tó jókòó sẹ́yìn tábìlì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó wo ẹ̀rọ. Bí mo bá rí i pé ó ń jẹun dáadáa, mo máa ń yí padà lọ sílé.

Wọ́n gbé bàbá mi lọ sí Adó lóòótọ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ, ìyá mi pè mí, a gbé kọ̀ǹpútà náà kúrò lórí tábìlì, a kó o sí abẹ́ ibùsùn, a sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ padà sábẹ́ fèrèsé. Ìlérí ni ìlérí. Ìró rẹ̀ gba ilé padà, Yeye ní òun ti ń rò pé òun ti dití. Ní ọjọ́ Ẹtì, bàbá mi wọlé dé láti Adó, agbádá rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ojú rẹ̀ balẹ̀, ara rẹ̀ yá. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà. Ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ dun òun, wọ́n ní kí òun tan kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì lójú kọmíṣọ́nnà, àfi bó ṣe dún pò, tí èéfín tú jáde. Ó ní iná Adó pọ̀ jù. Ó ní wọ́n ti ń kọ̀wé sí Àbújá nípa rẹ̀, ó lè tó ọdún kan kí ohun èlò rẹ̀ tó dé, ṣùgbọ́n àga òun ṣì wà níbẹ̀.

Ìyá mi dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu.

"Ṣé pupa ni tiwọn náà?" ó béèrè.

Bàbá mi ní kí n bu omi wá fún òun.